Làkúrègbé Kọ́ Ni Gbogbo Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Àrùn Méjì Tí Ń Ba Oríkèé Àti Awọ Ara Jà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ojú ìwé yìí kì í ṣe ti oko, bí kò ṣe ti ara tí ń ro oko. Àwọn ènìyàn méjì kan ń bẹ ní ìgbèríko Èjìgbò tí èmi tí mo ń kọ̀wé yìí mọ̀ dáadáa. Èmi kì yóò dárúkọ wọn. Èkínní jẹ́ abilékọ kan tí kò ì tí ì pé ọgbọ̀n ọdún, tí ó ti Àbíjàn bọ̀ wá sílé pẹ̀lú ọmọ méjì, tí ó ń dá oko ẹ̀gẹ́, tí ó sì ń yan gààrí tà. Èkejì jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀. Wọn kò bá ara wọn tan, wọn kò sì gbé àdúgbò kan náà. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni àwọn ará ìlú ń sọ nípa àwọn méjèèjì, pé làkúrègbé mú wọn, àti pé ohun mìíràn tí a kò gbọdọ̀ fi ẹnu pè ń bẹ ní awọ ara wọn.

Ìka ọwọ́ abilékọ náà a máa wú ní òwúrọ̀, kò sì ní lè di igbá mú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ dáadáa. Ojú rẹ̀ ṣú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó sì gba orí igi imú kọjá, àfi bí ẹni pé labalábá na ìyẹ́ rẹ̀ lé e lójú. Irun ń já ní orí rẹ̀, egbò a máa yọ ní àjà ẹnu rẹ̀, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ láìṣe iṣẹ́. Ní ti gbẹ́nàgbẹ́nà, èépá funfun bí ìpẹ́ ẹja bo ìgúnpá àti orúnkún rẹ̀, ó sì wà ní àtàrí rẹ̀ pẹ̀lú. Èékánná rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ bí ẹni pé a fi abẹ́rẹ́ gún wọn káàkiri. Ọ̀kan nínú ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wú láti ìdí dé orí, ó sì rí bí ọ̀dùnkún.

Nígbà tí ó bá di ọjọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, àwọn kan nínú ìjọ kò fẹ́ mu nínú ago lẹ́yìn gbẹ́nàgbẹ́nà yìí. Wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ ni. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ wọn ni mo sì wá sọ fún un pé kí ó máa jókòó ní àga ìkẹyìn, kí ó máa gbà á lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti gbà á tán. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n, kí ìjọ má baà tú ká. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni ó fi jókòó níbẹ̀ kí n tó gbọ́ láti ẹnu oníṣègùn pé àrùn tí ń ṣe é kò lè ràn mọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe nípa ago, ìbáà ṣe nípa ibùsùn. Ìtìjú ọ̀ràn yìí ni ó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí wádìí, ohun tí mo rí ni mo sì ń kọ sílẹ̀ fún yín.

Àrùn abilékọ náà ni àwọn oníṣègùn ń pè ní lupus. Ti gbẹ́nàgbẹ́nà ni psoriasis, èyí tí ó ti ara awọ wọ inú oríkèé lọ. Àwa Yorùbá kò fún wọn ní orúkọ tiwọn, nítorí làkúrègbé tàbí aromọléegun ni a ń pe ohunkóhun tí ó bá ń dun oríkèé, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń pe ohunkóhun tí ó bá yọ sí ara ní èélá tàbí làpálàpá, tàbí nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá, ẹ̀tẹ̀. Lupus jẹ́ ọ̀rọ̀ Látìnì, ìkookò ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí àwọn oníṣègùn àtijọ́ ní Yúróòpù rò pé ojú aláìsàn náà dàbí ibi tí ìkookò bù jẹ. Psoriasis ti inú èdè Gíríìkì wá, láti inú ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ara yíyún.

Ìdí kan náà ni àwọn àrùn méjèèjì ní. Bí àgbẹ̀ bá gba ọdẹ kí ó máa ṣọ́ oko iṣu rẹ̀ lóru, òyà àti olè ni ó gbà á sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀ṣọ́ ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù wa tí ń pa kòkòrò àrùn tí ó bá wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí a ṣi ènìyàn mọ̀, wọn a yí ìbọn padà sí onílé. Kì í ṣe kòkòrò ni ó fa èyí. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe pé ẹnìkan jẹ ohun tí kò yẹ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń bá ìdílé rìn, díẹ̀ sì ti inú ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ara wá.

Ibi tí ọdẹ náà ń yìnbọn sí ni ó yàtọ̀. Ní lupus, kò sí ibi tí ọta kò lè bà: awọ, oríkèé, ẹ̀jẹ̀, àpò tí ó bo ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, ọpọlọ, àti ní pàtàkì jùlọ, kíndìnrín. Ní psoriasis, awọ àti èékánná ni ó kọ́kọ́ ń bà, lẹ́yìn náà oríkèé, àti ibi tí iṣan ti so mọ́ egungun, bí ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Nínú àwọn tí ó ní psoriasis, ó lè tó mẹ́ta nínú mẹ́wàá tí yóò wọ oríkèé wọn, lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí èépá ti wà lára.

Ẹni tí ń bẹ ní ilé lè kíyèsí ìyàtọ̀ wọn díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oníṣègùn ni yóò sọ òótọ́ rẹ̀. Lupus ń wá obìnrin kiri: nínú mẹ́wàá tí ó ní in, bí mẹ́sàn-án ni obìnrin, púpọ̀ nínú wọn sì wà ní ọjọ́ orí ọmọ bíbí. Psoriasis ti oríkèé kò yan ọkùnrin tàbí obìnrin. Láàrin ọgbọ̀n ọdún sí àádọ́ta ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìrora lupus a máa bá ọwọ́ méjèèjì bákan náà, a lọ, a tún bọ̀, kì í sì í sábà jẹ egungun run. Ti psoriasis a máa mú ìka kan sílẹ̀ fi òmíràn sílẹ̀, a fẹ́ràn oríkèé tí ó kángun sí èékánná, a sì lè mú ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn le gan-gan ní òwúrọ̀. Bí a bá pa á tì, ó ń jẹ egungun, ìka a sì wọ́ títí láé. Lára ènìyàn dúdú, psoriasis kì í pọ́n bí ó ti ń pọ́n lára òyìnbó. Àwọ̀ elésè-àlùkò tàbí dúdú ni ó ń ní, èépá orí rẹ̀ a sì dàbí eérú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tí ń fi ọta lupus hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ fún psoriasis; ojú oníṣègùn àti ọwọ́ rẹ̀ ni àyẹ̀wò náà.

Ní ti ẹ̀tẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, ohun kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Ojú ẹ̀tẹ̀ a máa kú: bí a bá fi òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kàn án nígbà tí aláìsàn di ojú rẹ̀, kì í sábà mọ̀. Ojú psoriasis kò kú rárá, a tilẹ̀ máa yún un. Láti 1995 ni a sì ti ń fi oògùn ẹ̀tẹ̀ fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń wòsàn pátápátá, tó bẹ́ẹ̀ tí adẹ́tẹ̀ pàápàá kò ní ìdí tí a fi lè lé e sí àga ìkẹyìn.

Nísinsin yìí ni a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà kan àgbẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ohun tí ó dára fún ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni ó ń pa èkejì lára. Ẹ jẹ́ kí a mú oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa jí ẹ̀ṣọ́ lupus dìde. Abilékọ tí mo ń sọ yìí a lọ tú ẹ̀gẹ́ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, ní ọ̀la rẹ̀ ojú rẹ̀ a ṣú sí i, ibà a mú un, oríkèé a wú. Wọ́n ní ibà ẹ̀fọn ni; wọn a ra oògùn ibà fún un. Kò sí ẹni tí ó ro ti oòrùn, nítorí ta ni ó ń bẹ̀rù oòrùn ní ilẹ̀ wa? A ti rò pé awọ dúdú bò wá tán. Ó bò wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò bo ẹni tí ó ní lupus tó. Kì í ṣe pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi oko sílẹ̀, nítorí kí ni yóò jẹ? Kí ó jí lọ ní ìdájí, kí ó kúrò ní oko kí oòrùn tó mú, kí ó sì padà lọ ní ìrọ̀lẹ́. Kí ó wọ aṣọ alápá gígùn, kí ó dé akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀ lé orí gèlè. Abẹ́ igi tàbí abẹ́ àtíbàbà ni kí ó ti máa bẹ́ ẹ̀gẹ́.

Ti gbẹ́nàgbẹ́nà kò rí bẹ́ẹ̀. Oòrùn òwúrọ̀ díẹ̀ díẹ̀ lórí ìgúnpá àti orúnkún sábà máa ń mú èépá psoriasis fà sẹ́yìn, débi pé ilé ìwòsàn ńlá a máa fi irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ó jọ ti oòrùn tọ́jú rẹ̀. Ọ̀tá tirẹ̀ ni ọyẹ́. Nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá dé ní oṣù Kejìlá, ojú èépá a là, a sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa fi òrí pa ara ní kété tí ó bá wẹ̀ tán, kí omi má tí ì gbẹ lára rẹ̀. Kí ó sì ṣọ́ra fún egbò, nítorí ibi tí awọ bá ti bó ni psoriasis tuntun ń hù sí. Ọ̀kan nínú àwọn ìbátan gbẹ́nàgbẹ́nà yìí mú un lọ sí ibi tí a ti sín gbẹ́rẹ́ fún un ní orúnkún méjèèjì. Kò pẹ́ tí èépá fi hù sí ojú gbẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó tò lẹ́sẹẹsẹ bí ẹ̀wà tí a gbìn. Àwọn tí ó sín in ní ọ̀tá ilé ni ó fi agbára hàn. Awọ ni, kì í ṣe ọ̀tá.

Bí oòrùn ti rí, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn rí. Ní ìgbà ogun ńlá tí ó jà láti 1939 dé 1945, a fi oògùn ibà kan tí ń jẹ́ mepacrine fún àwọn ọmọ ogun kí ibà má baà mú wọn, a sì rí i pé ara àwọn kan tí ó ní irú àrùn yìí dẹ̀. Ní 1951 oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Page kọ̀wé ní London nípa bí ó ti fi mepacrine tọ́jú lupus. Láti ìgbà náà ni hydroxychloroquine, tí í ṣe àbúrò chloroquine, ti di oògùn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tí ó ní lupus ń lò lójoojúmọ́, títí kan aláboyún. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà rántí chloroquine, bí ó ti ń mú kí ara yún wa tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè sùn, kí ìjọba tó fi oògùn ibà mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2005. Ta ni ìbá rò pé inú ìdílé oògùn yẹn ni ìtura lupus ti wá? Ṣùgbọ́n oògùn yìí kan náà lè ru psoriasis sókè lára àwọn kan. Bẹ́ẹ̀ ni prednisolone: a máa ń gba ẹ̀mí là nínú lupus, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ní psoriasis bá gbé e mì fún ìgbà díẹ̀ tí ó sì dá a dúró lójijì, èépá lè bo gbogbo ara rẹ̀, kí ó sì máa ṣọyún. Nítorí náà kí ẹni kan má ṣe ra oògùn tí ó wo aládùúgbò rẹ̀ sàn.

Èyí tí ó bà mí nínú jẹ́ jùlọ ni ti kíndìnrín. Ìrora oríkèé abilékọ náà mú kí ó máa ra hóró oògùn ìrora ní ṣọ́ọ̀bù, oríṣi méjì mẹ́ta tí a pò pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré láìsí orúkọ lára rẹ̀. Ara a tù ú ní ọjọ́ náà. Púpọ̀ nínú oògùn ìrora wọ̀nyí ń ni kíndìnrín lára, kíndìnrín sì ni lupus fúnra rẹ̀ ń dọdẹ. Nígbà tí ó yá, ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú tí ìka bá tẹ̀ ẹ́ a jìn sínú. Àwọn ará ilé ọkọ ní oyún ni. Kì í ṣe oyún. Oyún kan tilẹ̀ ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí, èyí tí lupus náà a máa fà lára àwọn mìíràn, tí àwa sì ń pè ní àbíkú. Ìgbà tí a gbé e dé Òṣogbo ni a tó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ohun tí ó lè fi àrùn náà hàn ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú ni èyí, ìgò ìtọ̀ kan lásán.

Ó yẹ kí ẹ gbọ́ ìtàn kan nípa àwọn àrùn wọ̀nyí, nítorí itòsí wa ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní Ìbàdàn, ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì tí a ṣí ní 1957, oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Brian Greenwood ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ó kíyèsí i pé irú àwọn àrùn tí ara ń fi bá ara rẹ̀ jà ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn aláìsàn ibẹ̀. Ní 1968 ó kọ ọ́ jáde pé bóyá ibà àti aràn tí ń bá wa jà láti kékeré ni ó fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ara wa ní iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi ráyè yíjú sí onílé. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ibà sí ara irú eku kan tí lupus máa ń mú, àrùn náà kò sì mú àwọn eku náà bí ó ti yẹ kí ó mú wọn. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀wẹ̀, àwọn obìnrin dúdú tí baba ńlá wọn ti ilẹ̀ wa lọ ní lupus ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta.

Ọgbọ́n ńlá ni èrò Greenwood, ó sì lè ní òótọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ní tèmi, mo rò pé ohun kan wà tí ó rọrùn jù ú lọ: ẹni tí kò bá dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, ta ni yóò kà á? Ní 2009, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Adélówò àti ẹnìkejì rẹ̀ kọ̀wé jáde nípa ènìyàn 66 tí wọ́n rí lupus lára wọn ní ilé ìwòsàn oríkèé kan ní Èkó, obìnrin sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ni èyí. Àrùn náà kò ṣàdédé dé. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni ó dé. Ní ti psoriasis, òótọ́ ni pé ó ṣọ̀wọ́n ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ju ti Yúróòpù lọ, ìdí sì nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn fi ń pè é ní làpálàpá.

Lupus kan tún wà tí ó mọ sí awọ nìkan, tí ń fi àpá jíjìn sílẹ̀. Olórin tí gbogbo ayé ń pè ní Seal, ẹni tí a bí ní London ní 1963 tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí Olúṣẹ́gun sì wà nínú orúkọ rẹ̀, ní irú àpá bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó rí i rò pé ilà ni wọ́n kọ fún un.

Abilékọ wa wà láàyè. Ó ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń lọ yẹ ojú rẹ̀ wò nítorí hydroxychloroquine lè ba ojú jẹ́ bí a bá lò ó pẹ́, kíndìnrín rẹ̀ kò sì padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ni ó ń lọ sí oko; òun ń jókòó ti gààrí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń lo methotrexate, èyí tí a ń gbé mì ní ẹ̀ẹ̀kan péré ní ọ̀sẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí, ní ọ̀sẹ̀, kì í ṣe lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá ṣì í lò lójoojúmọ́ lè kú, aláboyún kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án. Ó ti lè di òòlù mú. Mo lọ bá a ní ilé, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jì mí, kí ó sì padà sí ìjókòó rẹ̀ àtijọ́ ní iwájú. Ó ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n àga ìkẹyìn ti mọ́ òun lára.

Ẹni tí oríkèé rẹ̀ bá ń le ní òwúrọ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí nǹkan sì ń yọ ní awọ rẹ̀, kí ó gba Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá wà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi ti wà láti 1907. Kí ó kó gbogbo oògùn tí ó ti lò dání, àti àgbo pẹ̀lú, kí ó má sì fi ọ̀kan pamọ́ nítorí ìtìjú. Bí èépá bá ti lọ ní ọjọ́ náà, kí ó mú àwòrán tí a yà nígbà tí ó wà níbẹ̀ lọ. Kí ó sọ bí ó bá ní ẹni tí irú rẹ̀ ṣe rí nínú ìdílé, kí ó sì béèrè pé kí a yẹ ìtọ̀ òun wò.